Ògiri Tí Yusrah Béèrè Fún

Ohun kan ṣoṣo ni Yusrah béèrè lọ́wọ́ Habeebullah kí ó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Ó ní ilé tí àwọn yóò bá máa gbé gbọ́dọ̀ ní ilé ìdáná tí ó ní ògiri mẹ́rin àti ilẹ̀kùn tí ó ṣeé tì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá láti Ìwó sí àwọn ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Aylesbury, ní Walworth, ní London. Ẹni tí ó gbé fúláàtì náà ṣáájú wọn ti wó ògiri ilé ìdáná, ibi tí a ti ń dáná àti ibi tí a ti ń gba àlejò sì ti di yàrá kan. Bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ mùsùlùmí kan, àwọn ọkùnrin kì í sì í wọ́n nínú ilé akọ̀wé. Láti ìgbà tí Yusrah ti bàlágà títí ó fi lọ sí yunifásítì, híjáàbù ni ó fi ń dáná. Ó fi dín ẹja, ó fi tẹ ẹ̀bà. Ní ọjọ́ kan, iná gáàsì mú etí híjáàbù náà. Bàbá rẹ̀ da omi sí i, ó bi í bóyá ó fara pa, ó sì padà sẹ́nu ìpàdé.

Habeebullah gbà láìjanpata. Ní àkókò yẹn, àwọn méjèèjì kò ní ilé kankan, ó sì rọrùn láti ṣèlérí ògiri.

Lẹ́yìn ọdún méjì nínú yàrá tí wọ́n háyà, wọ́n ra ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan ní Peckham, ní òpópónà tí kò jìnnà sí Rye Lane. Yàrá ìbùsùn méjì ni, pálọ̀ kan, ilé ìdáná kan, àti ọgbà kékeré lẹ́yìn. Obìnrin àgbàlagbà tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹni tí ń ju nǹkan nù. Nígbà tí ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri bá gbó, ó ń lẹ òmíràn lé e. Nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì bá ya, ó ń tẹ́ òmíràn bò ó. Ohun tí ó sì ń jẹ, dídín ni ó ń dín in, ògiri ilé ìdáná sì jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Yusrah jẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Lewisham, Habeebullah sì ń tún àwọn ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ ojú irin ṣe. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ní. Yusrah pín in: Sátidé ni ti iṣẹ́, Sọ́ńdè ni ti ìgbafẹ́. Ó ní ìgbà ìrúwé kì í pẹ́ ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá sì fi gbogbo rẹ̀ ha ọ̀dà kúrò lára igi kò gbọdọ̀ ráhùn nígbà tí òtútù bá padà dé.

Nítorí náà, ní Sátidé wọ́n ń bó ìwé kúrò lára ògiri. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n bó nínú yàrá ìbùsùn, ìpele kẹrin sì ní àwòrán àwọn ọkọ̀ ojú omi. Habeebullah so ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá láàárín èrò. Ní Sọ́ńdè, wọ́n ń jáde. Wọ́n rìn lábẹ́ àwọn igi tí ó ti tanná ní Peckham Rye. Wọ́n gun òkè Forest Hill, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí àwọn ilé gíga àárín ìlú, láìmọ orúkọ ju mẹ́ta lọ nínú wọn. Ní Dulwich, wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi kékeré. Habeebullah ní òun ni yóò tù ú, ó sì tù ú fún ogún ìṣẹ́jú láìkúrò ní ojú kan. Pẹ́pẹ́yẹ méjì wá wò wọ́n, wọ́n sì lọ.

Ẹni kẹta nínú iṣẹ́ náà ni Uncle Ṣàmsúdéènì, àbúrò ìyá Yusrah. Bíríkìlà ni láti Mushin, bíríkìlà náà ni ní London. Ilé iṣẹ́ kan ni ó ń bá ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ó sì fún wọn ní Sọ́ńdè rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára, ó sì fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún òun. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, ìyá Yusrah ti pe Habeebullah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kìlọ̀ fún un pé àbúrò òun kò ka ìkíni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ìkíni. Láti ọjọ́ náà, Habeebullah kò bá Uncle sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe Yorùbá.

Èyí gba akitiyan. Lewisham ni wọ́n bí Habeebullah sí. Ìyá bàbá rẹ̀, tí ó wá lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ó wà ní kékeré, ni ó kọ́ ọ ní Yorùbá. Ìyá àgbà padà sílé, ọ̀rọ̀ kù sí Habeebullah lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn kò kù. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sókè àti èyí tí ó yẹ kí ó wálẹ̀, ojú kan náà ni ó ń dúró sí lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí ó lọ síbi tí ó wù ú. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń fi ohun tí wọ́n ń bá a sọ lọ́wọ́ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, Habeebullah bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn tí ń tún ilé wọn ṣe. Nínú gbogbo wọn, kò sí ilé ìdáná tí ó ní ògiri mẹ́rin. Ó wo pálọ̀ wọn tí ó ṣókùnkùn, ó wo ilé ìdáná tí oòrùn ń gba fèrèsé ọgbà wọ inú rẹ̀, ó sì rí ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Ó béèrè lọ́wọ́ Uncle. Uncle fi ìka kan ògiri náà níbi márùn-ún, ó ní kò gbé ẹrù kankan, àárọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gba òun láti mú un kúrò. Habeebullah kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ilé náà lápapọ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó wá sọ fún Yusrah.

Yusrah kò pariwo. Ó bi í bóyá ó rántí ohun tí òun béèrè kí àwọn tó ṣe yìgì. Habeebullah ní òun rántí. Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sọ nǹkan mìíràn fún ara wọn ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti bọ́ọ̀sì lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, Habeebullah ní ògiri náà yóò dúró. Kò ṣàlàyé, kò sì lọ́ra. Yusrah gbà á gbọ́, ó sì yan ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún ògiri náà. Ohun tí Habeebullah kò ṣe ni pé kò sọ fún Uncle pé èrò ti yí padà.

Ní Sọ́ńdè kẹrin nínú oṣù kẹrin, wọ́n fẹ́ lọ sínú igbó tí ó wà lókè Sydenham, nítorí pé òdòdó búlúù kan wà níbẹ̀ tí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Uncle ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Bí Yusrah ti ń wá bàtà, Habeebullah gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí WhatsApp, ó sì fi ránṣẹ́ sí Uncle. Ó kí i dáadáa. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn fọ ògiri tí ó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀, nítorí Uncle fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ pé a gbọ́dọ̀ fọ epo kúrò lára ògiri kí a tó kùn ún ní ọ̀dà. Ó ní kí ó ṣe gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má ku nǹkan kan. Kò dárúkọ epo, kò sì dárúkọ ọ̀dà. Ó rò pé kò yẹ kí òun máa ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹni tí ó kọ́ òun.

Igbó náà dára. Àwọn òdòdó náà bo ilẹ̀ lábẹ́ igi títí ojú fi lọ, pátákó kan sì wà tí ó ní kí èèyàn má kúrò lójú ọ̀nà. Yusrah ya àwòrán mẹ́tàdínlógójì, ó sì ní mẹ́rìndínlógójì nínú wọn jọ ara wọn. Habeebullah yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì fi ìdí jókòó. Obìnrin kan tí ń fa ajá kọjá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jókòó lórí òdòdó. Wọ́n kírun ọ̀sán níbi tí koríko ti gbẹ, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, wọ́n sì jiyàn lórí bóyá kí ilẹ̀kùn ilé ìdáná jẹ́ funfun tàbí kí ó bá ògiri mu. Yusrah fẹ́ funfun. Habeebullah ní ohun tí ó bá wù ú ni kí ó ṣe, nítorí òun ni yóò máa tì í.

Nínú bọ́ọ̀sì, fóònù Habeebullah dún. Àwòrán àtàǹpàkò tí ó nà sókè nìkan ni Uncle fi ránṣẹ́.

Habeebullah ní, "Uncle ti ṣe tán. Wọ́n yára gan-an."

Eruku ni ó kọ́kọ́ pàdé wọn, lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà lórí àtẹ̀gùn, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì wà lára ológbò ará òkè tí ó jókòó níbẹ̀. Nínú pálọ̀, Uncle Ṣàmsúdéènì jókòó lórí korobá tí ó dojú dé, ó ń mu tíì. Ogún àpò tí ó kún fún àfọ́kù bíríkì wà níwájú rẹ̀, ó tò wọ́n létòlétò. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ògiri wà ní àárọ̀, ilé ìdáná, fèrèsé àti ọgbà hàn kedere. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, ó sì tẹ́ sílẹ̀ dé ẹsẹ̀ wọn.

Uncle ní, "Ẹ káàbọ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó o ṣe wí. Kò ku nǹkan kan."

Yusrah kò wo ibi tí ògiri wà. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

"Habeeb, kí lo ní kí wọ́n ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n fọ́ ògiri."

"O ní kí wọ́n fọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n fọ́ ọ. Pẹ̀lú ọṣẹ."

Uncle gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọṣẹ wo?"

Uncle mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì tẹ ohùn náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nínú eruku, wọ́n ń gbọ́ bí Habeebullah ṣe ń kí Uncle, bí ó ṣe ń béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó máa ń dùn ún, àti bí ó ṣe wá sọ ohun tí ó fẹ́. Uncle ní òun gbọ́ ọ yékéyéké, fọ́ ni ó sọ, bí a ti ń fọ́ ìgò. Ó ní òun mọ̀ pé ìwé àṣẹ ti jáde, òun sì ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí òun ṣe é. Òun kò pè wọ́n padà, nítorí pé òun kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tí a ń rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Yusrah gba fóònù náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ohùn náà kò lọ sókè tó ti ẹni tí ó fẹ́ fọ́ nǹkan. Kò sì dúró sí ibi tí ti ẹni tí ó fẹ́ fọ nǹkan ń dúró sí. Àárín ni ó wà.

Habeebullah bi í pé kí ni ìyàtọ̀. Yusrah sọ méjèèjì fún un, èkíní, lẹ́yìn náà èkejì. Habeebullah ní ọ̀kan náà ni òun gbọ́. Ó ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Yusrah ní kí òun náà sọ fọ aṣọ. Ó sọ fọ́ aṣọ. Ó ní kí ó sọ fọ́ ẹyin. Ó sọ fọ ẹyin. Uncle bú sẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó sì tún gbé ife tíì rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí tó. Yusrah mọ̀ ju Uncle lọ pé ọkọ òun kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti alẹ́ kejì ìgbéyàwó wọn, Habeebullah ni ó ń fọ àwo lẹ́yìn oúnjẹ, bí ó bá sì ti ṣe tán, ó ń kéde pé òun ti fọ́ àwo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Yusrah sáré wọ ilé ìdáná. Gbogbo àwo wà ní mímọ́, kò sí èyí tí ó sán. Láti ọjọ́ náà, kò tọ́ ọ sọ́nà rí. Ó dùn mọ́ ọn. Ó sọ fún Mìsítúrà ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sọ ọ́ di ìkíni: bí Mìsítúrà bá pe fóònù, yóò béèrè iye àwo tí wọ́n fọ́ ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà, kì í ṣe ahọ́n Habeebullah ni ó ń dà á láàmú. Ojú rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti rí i tí Habeebullah wo oòrùn tí ó wà nílẹ̀ pálọ̀.

"Inú ẹ dùn pé ó ti wó," ni ó sọ. Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè.

Habeebullah tún wo oòrùn náà.

"Ìmọ́lẹ̀ yẹn dára, Yusrah. Mi ò lè sọ pé kò dára."

Uncle bá wọn dá sí i. Ó ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ báyìí, Sọ́ńdè kan péré ni òun yóò fi rẹ́ àwọn etí rẹ̀, ilé yóò sì dára. Bí wọ́n bá ní kí òun mọ ọ́n padà, Sọ́ńdè mẹ́ta ni, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì yóò fi gbẹ. Ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ kankan tí ó mọ́ tó ti òní láti ìgbà tí òun ti dé London. Ó wo Yusrah, ó sì rí i pé ìyẹn kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Yusrah ní, "Ohun tí mo béèrè, mo ti béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Wọn kò jà. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń gbá eruku tí kò tán. Habeebullah kò sọ pé kí a fi àyè náà sílẹ̀, kò sì sọ pé kí a dí i. Ó ń dé láti ibi iṣẹ́, ó ń jókòó sí pálọ̀ ní ojúmọmọ, ìwé sì ṣeé kà níbẹ̀ láìtan iná. Yusrah rí i tí ó ń kàwé.

Ní ọjọ́bọ̀, Káyọ̀ yà sọ́dọ̀ wọn láti ibi iṣẹ́. Òun àti Habeebullah jọ ṣe ilé ìwé girama ní Lewisham, kì í sì í pè kí ó tó dé. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó yí ara rẹ̀ po.

"Bro, ibí yìí ti yàtọ̀. Mo sọ fún ẹ, àbí mi ò sọ fún ẹ? Ṣé ìwọ náà rí ìmọ́lẹ̀? Aunty Yusrah, ẹ ṣe é gan-an o."

Ọdún kan ni Káyọ̀ fi ju Yusrah lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pè é ní Aunty bí ebi bá ń pa á. Yusrah ti wọ híjáàbù rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ aago ẹnu ọ̀nà. Dòdò wà lórí iná. Káyọ̀ jókòó, ó kọjú sí ilé ìdáná, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ tayọ̀tayọ̀: nípa ìyá rẹ̀, nípa bọ́ọ̀sì, nípa ibi tí wọ́n ti ra kọ́bọ́ọ̀dù. Yusrah ń dá a lóhùn. Ó fi ọwọ́ òsì di etí híjáàbù mú mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún yí dòdò. Epo ta sí i lápá, kò sì lè ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó yí èyí tí ó kù.

Habeebullah wà lórí àga rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ti gbọ́ ìtàn fúláàtì Aylesbury náà ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò tíì rí i rí.

Ó dìde, ó ní kí Káyọ̀ wá wo ọgbà. Káyọ̀ ní òjò ń rọ̀. Habeebullah ní òjò náà kò pọ̀. Àwọn méjèèjì dúró nínú ọgbà fún ìdajì wákàtí, wọ́n kẹ́yìn sí fèrèsé, wọ́n ń wo igi kan tí kò ní ewé púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, omi ń kán lára Káyọ̀, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, Yusrah sì ti wọ yàrá lọ.

Ní Sátidé, Habeebullah pe Uncle. Yusrah wà lórí àkàbà, ó ń kun òkè yàrá ìbùsùn ní ọ̀dà. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, Habeebullah sì ti fi ohùn fóònù náà sí gbangba kí ọwọ́ rẹ̀ lè dilẹ̀. Ó kí Uncle, ó béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ó jọ̀ọ́ bá àwọn mọ ògiri náà padà.

Uncle ní, "Ṣé kí n mọ ọ́n ni, àbí kí n mọ̀ ọ́n? Torí mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Kí ẹ mọ̀ ọ́n, Uncle. Pẹ̀lú bíríkì."

"Fún Yusrah ní fóònù."

"Rárá, Uncle. Ẹ má bínú. Èmi ni mo ń sọ ọ́." Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti mọ ọkùnrin náà, Habeebullah bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú kan: kí wọ́n kọ́ ògiri náà padà sí bí ó ti wà. Uncle ní òun ti gbọ́. Ó ní èdè yẹn kò dára fún ìkíni, ṣùgbọ́n kò burú fún bíríkì.

Lórí àkàbà, Yusrah ń bá ọ̀dà lọ. Ó kun ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, kò dúró wò wọ́n. Òun àti Mìsítúrà lọ sí Greenwich, wọ́n sì jókòó sórí koríko títí ara wọn fi gbóná. Nígbà tí ó dé, ògiri ti dé orúnkún. Habeebullah ni ó po sìmẹ́ńtì, ó sì ti pò ó mọ́ irun. Ní Sọ́ńdè kejì, ó dúró. Ó ń na bíríkì sí ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń nà án sí Uncle, Uncle kò sì jẹ́ kí bíríkì kan kúrò lọ́wọ́ Habeebullah láìjẹ́ pé ó sọ fọ àti fọ́ bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Lọ́sàn-án, Uncle jáde lọ kírun, Yusrah sì sọ ohun tí ó ti fẹ́ sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Habeeb, tó o bá fọ àwo tán, ṣé o mọ nǹkan tó o máa ń sọ?"

Yusrah wá sọ ọ́ fún un.

Habeebullah jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tá a ti ṣe yìgì."

"Ọdún méjì. O ò sì sọ fún mi."

"Mi ò sọ."

"Mìsítúrà mọ̀?"

"Mìsítúrà mọ̀."

Ó wo ògiri tí ó ti dé àyà báyìí. Ó ní, "Tó o bá ti sọ fún mi nígbà yẹn, ibí yìí ì bá má wó."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ gba ojú Habeebullah, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò sì ṣeé ṣe. Ó béèrè bóyá ìyá Yusrah náà mọ̀. Yusrah ní ìyá òun ni ó kọ́kọ́ kíyè sí i.

Ní Sọ́ńdè kẹta, ògiri kan òkè. Wọ́n rẹ́ ẹ, ó gbẹ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, Uncle sì so ilẹ̀kùn funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ. Pálọ̀ tún ṣókùnkùn bí ti tẹ́lẹ̀.

Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, Káyọ̀ dé pẹ̀lú Basit, ọ̀rẹ́ wọn mìíràn, láti wo bọ́ọ̀lù. Yusrah kí wọn, ó wọ ilé ìdáná, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ híjáàbù, ó fi há ẹ̀yìn àga, ó ká ọwọ́ aṣọ dé ìgúnpá, ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó da dòdò sínú epo. Kò gbọ́ ju ariwo bọ́ọ̀lù lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Káyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi Habeebullah léèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ lọ. Bíríkì náà tín-ín-rín, ohùn Káyọ̀ kò sì tín-ín-rín.

"Kí ló ṣe yín? Ẹ ti ṣe é dáadáa, ẹ tún lọ dí i. Madam ló ní kẹ́ ẹ dí i, àbí? Sọ òótọ́. Ọ̀gá ti pàṣẹ."

Basit rẹ́rìn-ín. Yusrah gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó rọrùn fún Habeebullah láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kì bá sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò bá a kẹ́dùn díẹ̀, wọn yóò sì gbàgbé.

"Rárá," ni Habeebullah wí lódìkejì. "Èmi ni mo ní kí wọ́n mọ ọ́n."

"Ìwọ? Tí o fi fídíò yẹn dà wá láàmú látijọ́?"

"Èmi ni. Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ ẹ."

"Bro, mi ò rí ọwọ́ ara mi níbí."

"Tan iná. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn."

Wọ́n padà sí bọ́ọ̀lù. Yusrah dúró díẹ̀ sí i, kí ó tó rántí ohun tí ó wà lórí iná. Ẹ̀gbẹ́ kan dòdò náà ti dúdú. Ó kó o jáde, ó gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀, ó ṣa èyí tí ó dára sínú méjì, ó sì da gbogbo èyí tí ó jóná sínú àwo Káyọ̀.